LÁTI INÚ SÍTÁÀṢÌ AṢỌ ILÉ-ÌWÉ DÉ ORÍ AWỌ ARA ÈNÌYÀN

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde, ní Ọ̀tà)

  

 Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo ní, "Ọ̀rọ̀ lórí kí ni?" Ó ní, "Ohunkóhun tí o bá mọ̀." Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn oníhóró ní apá Ṣàngó níhìn-ín kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo mọ̀ jù láyé mi ni bí a ṣe ń po sítáàṣì mọ́ oògùn kí ó lè dì ní hóró. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ sítáàṣì náà ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ Sátidé ilé-ìwé wa. A ó ti gé koríko tán, a ó ti fọ káákì wa. Àwọn tí òbí wọn lówó lọ́wọ́ á ra sítáàṣì ìyẹ̀fun. Àwa tó kù á lọ bá àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí lẹ́yìn ọgbà, a ó bẹ̀ wọ́n, a ó bù nínú ohun funfun tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi gbágùúdá. A ó fi omi gbígbóná pò ó títí tí yóò fi ki tí yóò sì máa dán, a ó ri ṣòkòtò bọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Ẹ rántí ọmọ kíláàsì wa tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń dá dúró lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ènìyàn wà nínú rẹ̀? Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé ohun tó mú káákì dúró gbagidi yẹn, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀, ni àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ń gbé yẹ̀ wò lónìí, tí wọ́n fẹ́ fi mọ awọ àti egungun rírọ̀ etí fún ẹni tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nínú yàrá yìí. Ó ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ ní kí n má dárúkọ òun.

Ní ọdún 1996 ni. Ọ̀rẹ́ wa yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan ní agbègbè yìí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yọ́ rọ́bà, tó sì ń tì í jáde lẹ́nu ihò bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fún ọṣẹ ìfọyín. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnu ẹ̀rọ dí. Ó ń gbìyànjú láti ṣí i, ni rọ́bà gbígbóná bá tú jáde lójijì, ó bo apá ọ̀tún rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọwọ́. Òru ni, kò sí ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e sórí ọ̀kadà, ilé mi ní Ojú-Ọrẹ ni wọ́n sì gbé e wá. Kí ló dé? Wọ́n ní, "Ilé-iṣẹ́ oògùn ni bùọ̀dá yẹn ti ń ṣiṣẹ́, yóò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i."

Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Èmi tí mo gba A nínú kẹ́mísìtìrì, mo fọ́ ẹyin mẹ́rin, mo fi ra á lápá. Ìyàwó mi ní ògì nílẹ̀. Mo bu ògì náà lé e lórí. Ó tù ú lára, ó ní òun rí ìtura, inú mi sì dùn. Ọjọ́ kẹta kó tó dé ilé ìwòsàn gidi, ọgbẹ́ ti kẹ̀, ó ti ń rùn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Dókítà sọ fún mi lójú ara mi pé iná ló jó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ra á ló jẹ́ kí kòkòrò àìsàn rí ibi jókòó, tí ọgbẹ́ fi jìn sí i. Wọ́n gé awọ láti itan rẹ̀ méjèèjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá. Ìka mẹ́ta ká kò, wọn kò nà mọ́ títí dòní. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yẹn ni ọwọ́ tó máa ń kọ ìkéde sí pátákó fún yín, nítorí pé kò sí ẹni tí ìwé kíkọ rẹ̀ dára tó tirẹ̀ nínú wa.

Kò bá mi jà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí léèrè, a jókòó síwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ìwọ, kí ló wà nínú ògì gan-an?" Mi ò rí èsì gidi fún un. Ọdún púpọ̀ ni mo fi wá èsì yẹn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún un lónìí, kí ẹ̀yin náà sì bá wa gbọ́.

Kí ló wà nínú ògì? Ṣúgà ni. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹ mú ṣúgà kékeré tí ara wa ń lò, glúkóòsì, kí ẹ kà á sí hóró ìlẹ̀kẹ̀ kan. Àgbàdo àti gbágùúdá a máa sín ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún, sórí okùn gígùn. Bí wọ́n bá ti sín in tán, kò dùn lẹ́nu mọ́, kò sì yọ́ sínú omi tútù; yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ni, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni pọ́lísákáráìdì, èyíinì ni ṣúgà púpọ̀ tó so kọ́ra. Òwú tí a fi hun aṣọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Glúkóòsì kan náà ló wà nínú òwú àti nínú ẹ̀kọ. Ọ̀nà tí a gbà sín in ló yàtọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ikùn wa fi ń da ẹ̀kọ tí kò sì lè da aṣọ. Ohun tó ń yọ̀ nínú ewédú, nínú ilá àti nínú ààpọ̀n, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ẹ wo ẹ̀kọ dáadáa. Bó bá gbóná, ó ń ṣàn, ẹ ó dà á sínú ewé. Bó bá tutù, ó dúró, ẹ ó ṣí ewé kúrò kò sì ní ya lulẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó dúró. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyẹn ló wú nínú omi gbígbóná, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, tí wọ́n sì di omi mú nígbà tó tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa. Omi ló pọ̀ jù nínú èmi àti ẹ̀yin, síbẹ̀ a dúró, nítorí pé àárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì kún fún okùn tó di omi mú. Ohun rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ tó wà nínú ẹyinjú àti láàárín orúnkún, ọ̀kan nínú àwọn okùn ṣúgà yìí wà nínú rẹ̀. Karl Meyer àti John Palmer ló yọ ọ́ jáde nínú ẹyinjú màlúù ní 1934. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn nígbà tí ẹ dìde kọrin ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ní ibi iṣẹ́ mi, iṣẹ́ méjì ni sítáàṣì ń ṣe. Bí a bá sè é, a fi ń lẹ ìyẹ̀fun oògùn pọ̀. Bí a bá fi í sí i ní gbígbẹ, yóò dákẹ́ títí tí ẹ ó fi gbé párásítámọ́ọ̀lù mì. Bí omi ikùn bá kàn án, yóò wú, hóró yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, oògùn yóò sì jáde. Ohun tó ń dùn mí ni pé àpò sítáàṣì àgbàdo tí à ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Mo máa ń jókòó lórí àpò yẹn jẹun ọ̀sán, gàrí ni mo sì ń mu. Orílẹ̀-èdè wa ló ń gbin gbágùúdá jù lọ lágbàáyé, ó tó 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n wá gba ibẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀rọ kan ni, ó dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ló wà níbi tí ó yẹ kí tàdáwà wà, abẹ́rẹ́ náà sì ń lọ tó ń bọ̀, ó ń to nǹkan rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ léra ní ìpele ìpele bí ẹni ń mọ ògiri. Ó ní, "Dádì, etí ènìyàn ni wọ́n ń tẹ̀ yẹn." Mo ní kó gbé e dúró, kó tún un ṣe. Ohun tí mo rí ni ẹ̀rọ rọ́bà tó jó ọ̀rẹ́ mi. Ìwà kan náà ni: ti nǹkan jáde lẹ́nu ihò, kí ó dì. Ṣùgbọ́n èyí kò jó ẹnikẹ́ni.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní 1986 ni wọ́n fún Charles Hull ní Amẹ́ríkà ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń mọ nǹkan ní ìpele ìpele bí kọ̀ǹpútà bá ṣe là á sílẹ̀. Ohun líle nìyẹn, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí 2003, Thomas Boland ní Clemson University mú irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ní lórí tábìlì yín, ó kó tàdáwà inú rẹ̀ dànù, ó fi sẹ́ẹ̀lì alààyè sí i, sẹ́ẹ̀lì kò sì kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá irú tàdáwà tí sẹ́ẹ̀lì lè máa gbé nínú rẹ̀. Èmi ń pè é ní tàdáwà ẹlẹ́mìí.

Irú tàdáwà bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti rí. Ó ní láti gba inú abẹ́rẹ́ kọjá láìfún sẹ́ẹ̀lì pa. Bó bá sì jáde, kò gbọdọ̀ tàn ká. Ẹ wo ẹ̀wà tí ìyá alákàrà pò dáadáa: bó bá ń fi ọwọ́ tì í, ó ń yọ̀, bó bá bọ́ sínú epo, kò fọ́n ká. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n epo gbígbóná ló ń mú àkàrà dì, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò sì lè fara da iná. Ooru ara, 37 digírì, ló mọ. Nítorí náà, wọ́n ń wá ohun tó lè dì láìsí iná, tí omi, afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ yóò sì lè máa gba inú rẹ̀ wọlé tọ sẹ́ẹ̀lì lọ.

Ibẹ̀ ni ewéko òkun ti wọlé. Ní 1881, Edward Stanford, ará Bìrìtìkó kan, yọ nǹkan kan jáde nínú ewéko òkun aláwọ̀ ilẹ̀. Alginate ni wọ́n ń pè é. Okùn ṣúgà ni òun náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ṣe eyín àtọwọ́dá, ohun tútù tí dókítà eyín fi sí yín lẹ́nu, tó ní kí ẹ gé e mú kó fi gba àwòrán eyín, alginate ni. Ṣé ẹ rántí pé kò pẹ́ tó fi dì?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa kẹ́mísìtìrì, tí ẹ jókòó sápá òsì yẹn, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìdí tó fi ń dì, bí ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ ewéko òkun. Ẹ máa ń pe wá jáde síwájú kíláàsì fún ẹ̀kọ́ fálẹ́ńsì. Ẹ ó ní, "Ìwọ ni sódíọ̀mù, gbé ọwọ́ kan. Ìwọ ni kálísíọ̀mù, gbé méjèèjì." Ẹni tó ní ọwọ́ kan yóò di ẹnì kan mú, ẹni tó ní ọwọ́ méjì yóò di ẹni méjì mú. A rò pé eré ni. Ẹ wá wò ó: okùn alginate tó di sódíọ̀mù mú ń ṣàn nínú omi, nítorí pé ọwọ́ kan ni sódíọ̀mù ní, kò lè so okùn kan mọ́ èkejì. Bí ẹ bá kán an sínú omi tí kálísíọ̀mù wà, kálísíọ̀mù yóò fi ọwọ́ kan mú okùn ti apá ọ̀tún, yóò fi èkejì mú ti apá òsì, gbogbo rẹ̀ yóò sì di ẹ̀kọ tútù lójú ẹsẹ̀. Kò sí iná, kò sí májèlé. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín wọn kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ Fọ́ọ̀mù Kẹta tí ẹ kọ́ wa nìyẹn, ọ̀gá, òun ló wà nídìí ẹ̀rọ yìí.

Àwọn ẹbí yòókù náà ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Láti inú èèpo edé àti ti akàn ni wọ́n ti ń yọ èyí tí wọ́n ń pè ní chitosan, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tó sì ń ba kòkòrò jà. Àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà fi í di ọgbẹ́ ní Iraq. Àwa ń da èèpo tiwa sí ààtàn. Ní Sweden, àwọn onímọ̀ Chalmers gé okùn igi sí wẹ́wẹ́ ju irun lọ, wọ́n pò ó mọ́ alginate, ní 2015 wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe fi sẹ́ẹ̀lì egungun rírọ̀ ti ènìyàn sínú rẹ̀ tí ó yè. Ẹ̀yin ìyá, kí ẹ má rò pé àwọn ọkùnrin alákọ̀wé nìkan ló ń ṣe é. Ní 1881, ní Jámánì, ohun tí àwọn dókítà ń gbin kòkòrò àìsàn sí láti yẹ̀ ẹ́ wò máa ń yọ́ nígbà ooru. Fanny Hesse, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, ló ní kí wọ́n lo agar, ewéko òkun tí òun fi ń se nǹkan nílé. Títí dòní, kò sí ilé àyẹ̀wò tí agar kò sí. Wọ́n ń lo ọmọ rẹ̀, agarose, nínú tàdáwà ẹlẹ́mìí pẹ̀lú.

Sítáàṣì tiwa ńkọ́? Wọ́n ń pò ó mọ́ àwọn yòókù kó lè ki, kó sì dúró. Òun nìkan kò tó, nítorí pé nǹkan inú itọ́ wa tó ń da ẹ̀kọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, kì í pẹ́ kó tó tú u ká. Nígbà mìíràn, bó ṣe ń tú ká yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́: kí ó gbé sẹ́ẹ̀lì dúró títí tí sẹ́ẹ̀lì fi kọ́ ilé tirẹ̀, kí ó wá kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ òótọ́ tó wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tàn yín jẹ. Kò tí ì sí ẹnikẹ́ni láyé tó ń gbé kídìnrín, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ní 2019, ní Tel Aviv, wọ́n tẹ ọkàn kékeré kan láti inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Kò tóbi ju ti ehoro lọ, kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀. Ní 2022, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi etí tí a tẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ sí ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún kan láti Mexico tí a bí láìní etí kan dáadáa. Etí rọrùn díẹ̀ nítorí pé egungun rírọ̀ kò ní ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Awọ náà súnmọ́ tòsí nítorí pé ó fẹ́lẹ́. Ohun tó nípọn ni ìṣòro. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ, ebi yóò pa á kú. A ti ń tẹ ilé, ṣùgbọ́n a kò tí ì mọ bí a ṣe ń fa omi ẹ̀rọ dé gbogbo yàrá. Ẹni tó bá wá bá yín pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta kídìnrín tí ẹ̀rọ tẹ̀, kí ẹ kó owó wá, ẹ lé e jáde. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ kídìnrín láti ara ènìyàn sí ènìyàn nílẹ̀ wa, ní St. Nicholas Hospital l'Ékòó ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn la mọ̀. Kí ẹ sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti padà sọ́dọ̀ rẹ báyìí. O bi mí pé kí ló wà nínú ògì. Okùn ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fẹ́ fi mọ awọ lónìí. Ṣùgbọ́n ògì kíkan ni. Kòkòrò aláìrí ló ń mú ògì kan, wọ́n sì wà láàyè nínú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn ni pé mo gbé oúnjẹ àti àwọn tó máa jẹ ẹ́ lé ọ lápá papọ̀. Ohun kan náà tí a bá fọ̀ títí, tí a pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, tí a wọ̀n, tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, ló ń di ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ń ṣí báńdéèjì lára rẹ láràárọ̀, igbe rẹ ni mo máa ń gbọ́ láti ìta. Aṣọ ìdigbẹ́ alginate wà báyìí: kálísíọ̀mù inú rẹ̀ a máa ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú sódíọ̀mù inú omi ọgbẹ́, aṣọ a di rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí i, kò ní fa ẹran ya. Mo jẹ̀bi. Mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá wá gan-an, kí n tó jókòó.

Ìkíní, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ wà láàárín wa, ẹ pọ̀ ní Ọ̀tà, ní Àgbárá àti ní Ìgbẹ́sà. Bí iná tàbí ohun gbígbóná bá jó ènìyàn, omi tútù tó ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ ni oògùn àkọ́kọ́, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí ọ̀rá mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ẹyin, kò sí ògì, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí ọ́ìlì mọ́tò. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ní èdè Yorùbá àti ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń sọ. Omi ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kò wọ́n ju ẹ̀mí lọ.

Ìkejì, iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Ní University of Ibadan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwatoyin Odeku ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè fi sítáàṣì ewùrà, ti ẹ̀súrú àti oje igi ilẹ̀ wa ṣe oògùn oníhóró. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn bíi May & Baker àti Fidson wà níhìn-ín ní Ọ̀tà. Ní ojú ọ̀nà Ìdírókò, Covenant University àti Bells University wà níbẹ̀. Gbágùúdá wà nílẹ̀ ní gbogbo oko tó yí wa ká. Láti 2011 ni ewéko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wá sí etí òkun wa l'Ékòó àti ní Oǹdó, tó ń dí àwọ̀n àwọn apẹja. Alginate wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí a ní láti wá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ mọ́, tí yóò wọ̀n ọ́n, tí yóò sì ṣe é bákan náà lónìí àti lọ́la. Ẹni tó bá ti ṣe oògùn rí mọ̀ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Sítáàṣì tó dára fún gàrí kò tí ì dára fún hóró oògùn, èyí tó dára fún hóró oògùn kò sì tí ì dára fún ọgbẹ́.

Ìkẹta, mo lọ wo yàrá kẹ́mísìtìrì ilé-ìwé wa láàná. Tábìlì tí a gé orúkọ wa sí ṣì wà níbẹ̀. Omi kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgò tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìkọ̀wé ara wọn ti parẹ́. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa, kí owó tí a fẹ́ fi kọ́ géètì tuntun lọ́dún yìí lọ síbẹ̀ kọ́kọ́. Sódíọ̀mù alginate díẹ̀, kálísíọ̀mù kílóráìdì díẹ̀, abẹ́rẹ́ ike tí kò ní ẹnu, omi tó mọ́: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè fi wọ́n rí i lójú ara rẹ̀ bí omi ṣe ń di okùn láìsí iná. Ẹni tó bá rí ìyẹn lọ́jọ́ kan kò ní gbàgbé rẹ̀. Èmi kò gbàgbé ọwọ́ kan àti ọwọ́ méjì.

Mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ wa yìí lálẹ́ àná pé bí mo ṣe fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi nìyí, ó ní òun náà yóò mú nǹkan wá. Kì í ṣe owó ló mú wá. Pátákó ni, ẹ ó rí i lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ bá ń jáde lọ jẹun. Ohun tí ẹ ó ṣe bí iná bá jó ènìyàn ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, ó lò ju ọ̀sẹ̀ kan lórí rẹ̀, fún yàrá kẹ́mísìtìrì wa. Ẹ yà á wò dáadáa. Ìwé kíkọ rẹ̀ ṣì dára ju ti gbogbo wa lọ.